Ìtàn ta ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní England? Ohun tó ń yí padà àti ohun tí kò tíì yí

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025, tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Becky Francis darí ti gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní England jáde, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló ń já ràn-ìn lórí WhatsApp. Àwọn kan ní ìjọba ti sọ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn ní wọ́n fẹ́ yọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìwé, kí wọ́n fi òwò ẹrú dí àlàfo wọn. Ti àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ti èkejì náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò ní ariwo tó báyìí nínú, ṣùgbọ́n ó kan òbí Yorùbá tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ní Peckham, ní Manchester tàbí ní Leeds, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń fà á.

## Kí ni àbọ̀ ìwádìí náà sọ?

Ìjọba Labour ló yan ìgbìmọ̀ náà ní 2024 láti yẹ gbogbo ìlànà ẹ̀kọ́ wò, láti orí ìṣirò dé orí orin. Ìtàn kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Lórí ìtàn, wọ́n dábàá pé kí wọ́n tún ìlànà náà tò, kí ó lè rọrùn fún olùkọ́ láti fi hàn pé oríṣiríṣi èèyàn ló wà nínú ìtàn Britain láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa lo ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ onírúurú ènìyàn, kí wọ́n sì máa so ìtàn ńlá mọ́ ti àdúgbò tí ilé ẹ̀kọ́ wà. Wọn kò to orúkọ ogun, ìlú tàbí ènìyàn kan kalẹ̀ pé ọ̀ranyàn ni láti ìsinsìnyí lọ. Ìjọba ní ìlànà tuntun yóò jáde ní ìgbà ìrúwé 2027, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni ní oṣù Kẹsàn-án 2028.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní "wọ́n ti sọ ọ́ di dandan" ti sáré ṣíwájú ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó tíì rí ìwé tí wọn yóò fi kọ́ni.

## Kí wá ló jẹ́ dandan lónìí?

Ìlànà tí England ń lò báyìí ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2014. Títí ọmọ yóò fi pé 14 ọdún, ó gbọ́dọ̀ kọ́ ìtàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá wù ló ń yàn án fún GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọdún 16.

Ìlànà náà pín ìtàn Britain sí sáà gbọọrọ gbọọrọ. Fún àwọn ọmọ 11 sí 14 ọdún, sáà kan bẹ̀rẹ̀ láti 1066 dé 1509, òmíràn láti 1509 dé 1745, òmíràn láti 1745 dé 1901, títí tó fi dé àsìkò tiwa. Àwọn sáà yìí ni dandan. Abẹ́ sáà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó àpẹẹrẹ ohun tí olùkọ́ lè mú sí. Òwò ẹrú wà lára àpẹẹrẹ. Òmìnira India àti òpin ìjọba amúnisìn wà lára àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n, olùkọ́ lè fò wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n to síbẹ̀ fún ọjọ́ orí yẹn, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n dárúkọ tí olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fò: Holocaust, ìyẹn ìpakúpa tí ìjọba Hitler pa àwọn Júù.

Ibi tí ìjà náà fìdí sí nìyí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣàlàyé bí ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ Benin ní 1897, kò sí ẹni tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́. Èyí tí kò bá fẹ́ dárúkọ Áfíríkà rárá títí ọmọ yóò fi pé 14, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ààyè wà fún ẹni tó bá wù, àmọ́ kò sí ohun tó fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀ pé òun yóò gbọ́ ọ. Àwọn kan ka ààyè yẹn sí ọ̀wọ̀ fún olùkọ́, àwọn kan sì kà á sí ọ̀nà tí ìjọba fi ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ẹ̀kọ́ girama ní England ti di academy, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó rẹ̀ tààrà lọ́dọ̀ ìjọba ní London tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin kò de academy mọ́ ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀lé e. Àbá òfin kan tí ìjọba gbé lọ sílé aṣòfin ní oṣù Kejìlá 2024 ló fẹ́ yí ìyẹn padà. Láìsí irú òfin bẹ́ẹ̀, ohun yòówù tí wọ́n bá kọ sínú ìlànà tuntun pé ó jẹ́ dandan, kò ní jẹ́ dandan fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

## Ṣebí wọ́n ń kọ́ Benin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Wọ́n ń kọ́ ọ, bí olùkọ́ bá mú un. Ìlànà ní kí àwọn ọmọ 7 sí 11 ọdún kọ́ nípa àwùjọ kan tí kì í ṣe ti Yúróòpù, kí olùkọ́ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: Baghdad ní nǹkan bí ọdún 900, àwọn Maya ní nǹkan bí ọdún 900, tàbí Benin láàrin 900 sí 1300.

Ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ní 1300, àwọn Potogí kò tíì dé Benin. Ọba Ewuare kò tíì gorí ìtẹ́. Ó ku nǹkan bí 600 ọdún kí ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ìlú náà ní oṣù Kejì 1897, tí wọ́n kó àwọn ère idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Ọmọ lè kọ́ Benin parí, kí olùkọ́ rẹ̀ kó wọn lọ wo British Museum, níbi tí ohun tó lé ní 900 láti Benin wà, kí ìlànà náà má sì bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni sọ bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Sáà tí wọ́n mú yìí náà ló tún ṣòro jù láti kọ́. Ìtàn àwọn Ogiso, ìyẹn àwọn ọba àtijọ́ Benin, tí wọ́n ń gbà látẹnu àgbà, ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí, àti ọ̀rọ̀ Ọ̀rànmíyàn, tí Ifẹ̀ ní tirẹ̀, tí Benin náà ní tirẹ̀, ni olùkọ́ kan ní Yorkshire yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń rọ idẹ kí sáà yẹn tó parí, kò sí lára mẹ́ta tí wọ́n lè mú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń kọ́ ọ kọjá 1300 fúnra wọn, nítorí pé wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

## Ṣé kò tíì jẹ́ dandan rí?

Ó ti jẹ́ dandan rí. Ìyẹn gan-an ni àwọn tó ń pariwo ní ìhà méjèèjì kì í sábà rántí.

Ní oṣù Kẹrin 1993, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun gún Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18, pa ní Eltham, gúúsù ìlà-oòrùn London. Ìwádìí Sir William Macpherson lórí bí ọlọ́pàá ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹjọ́ náà jáde ní oṣù Kejì 1999. Àwọn ọlọ́pàá ni gbogbo ayé rántí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára àbá rẹ̀ ni pé kí wọ́n tún ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ṣe, kí ó lè fi iyì fún oríṣiríṣi àṣà kí ó sì dènà ìkórìíra ẹ̀yà. Ní 2007, Sir Keith Ajegbo, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Deptford Green ní London, gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde fún ìjọba lórí bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹni tí wọ́n jẹ́ àti bí wọ́n yóò ṣe máa gbé pọ̀.

Ìlànà ìtàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún àwọn ọmọ 11 sí 14 ní oṣù Kẹsàn-án 2008 ló wá kọ ọ́ gbangba: ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì àti ohun tó ṣe fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀làjú tó ti wà kí òyìnbó tó dé, òwò ẹrú, àtakò àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú àti ìgbòmìnira. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan gbogbo rẹ̀.

Ìjọba yí padà ní 2010. Michael Gove, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Conservative àti Liberal Democrat, fẹ́ ìlànà tí yóò tẹ̀lé ìtàn Britain ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kí àkọ́kọ́kọ rẹ̀ tó jáde ní 2013 ni ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro pé wọ́n fẹ́ yọ Mary Seacole, nọ́ọ̀sì ọmọ Jamaica tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun nínú ogun Crimea, àti Olaudah Equiano, ọmọ Ìgbò tí wọ́n tà lẹ́rú tó wá kọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ Operation Black Vote kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbuwọ́lùwé jọ láti tako o. Seacole ṣì wà nínú àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kéékèèké títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlànà náà délẹ̀ tán, òwò ẹrú ti kúrò nínú ohun tó jẹ́ dandan, ó ti di àpẹẹrẹ.

## Kí ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní 2020?

Ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, àwọn olùfẹ̀hónúhàn ní Bristol wọ́ ère Edward Colston lulẹ̀, wọ́n sì tì í sínú omi èbúté. Colston ti wà lára ọ̀gá ilé iṣẹ́ Royal African Company, tó ń kó ẹrú láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ Bristol ti ń kọjá lábẹ́ ère náà láti 1895, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ kan sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n fi ìtàn ìmúnisìn Britain sínú ẹ̀kọ́ dandan kó ìbuwọ́lùwé tó lé ní 260,000 jọ. Ìjọba Conservative ìgbà náà fèsì pé ìlànà tó wà nílẹ̀ ti fún olùkọ́ láyè. Ohun kan náà ni mínísítà fún ilé ẹ̀kọ́, Nick Gibb, ń tẹnu mọ́. Òótọ́ ni ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tí wọ́n bi í nìyẹn.

## Kí ni Wales ṣe tí England kò ṣe?

Ètò ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀kan ní Britain. England ní tirẹ̀, Wales, Scotland àti Northern Ireland náà ní tiwọn. Ẹni tó bá ka ìròyìn tó ní "UK ti sọ ọ́ di dandan" gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé apá ibo.

Ìjọba Wales yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Charlotte Williams láti darí ìgbìmọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ náà, àbọ̀ wọn sì jáde ní oṣù Kẹta 2021. Wọ́n gba àwọn àbá rẹ̀. Nígbà tí ìlànà tuntun Wales bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ìtàn àti ìrírí àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Éṣíà àti àwọn ẹ̀yà kékeré mìíràn di apá kan ohun tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́. Wales ni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́rin tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé Wales kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ìwé. Wọ́n dá ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Olùkọ́ tí kò kọ́ nípa Jamaica tàbí Dahomey ní yunifásítì, ohun tí yóò sọ fún ọmọ ọdún 12 kò ní ju ohun tó bá rí kà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

## Kí ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Méjì nínú àwọn tí orúkọ wọn máa ń jáde jù nínú àríyànjiyàn yìí ló ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, wọn kò sì sí ní ìhà kan náà.

Kemi Badenoch, tó jẹ́ Adégòkè látilé, ni olórí ẹgbẹ́ Conservative báyìí. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdọ́gba, ó sọ nílé aṣòfin pé kò sídìí láti gba ìlànà ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìmúnisìn, nítorí pé kò sí lábẹ́ ìmúnisìn. Ó ní ìjọba kò fẹ́ kí olùkọ́ máa kọ́ ọmọ aláwọ̀ funfun pé ó jogún ẹ̀bi àwọn baba rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí òfin ẹ̀kọ́ 1996, tó kà á léèwọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ láti máa polówó èrò òṣèlú kan, àti ìtọ́sọ́nà tí ìjọba gbé jáde lórí rẹ̀ ní oṣù Kejì 2022.

David Olusoga, òpìtàn tí wọ́n bí ní Èkó tó dàgbà sí Gateshead, ní tirẹ̀ ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Britain kì í ṣe àfikún. Ìtàn Britain fúnra rẹ̀ ni, ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò kò tíì sọ ìtàn náà tán. The Black Curriculum, ẹgbẹ́ tí Lavinya Stennett dá sílẹ̀ ní 2019, ń béèrè pé kí ó jẹ́ ohun tí ọmọ yóò máa kọ́ yípo ọdún, kó má mọ sí oṣù Kẹwàá tí wọ́n ti ń ṣe Black History Month ní Britain láti 1987.

Láàrin àwọn méjèèjì ni àwọn olùkọ́ dúró sí. Ọ̀rọ̀ tiwọn kì í sábà di ìròyìn, nítorí pé àkókò ni wọ́n ń sọ. Wákàtí ìtàn kò pọ̀ lọ́sẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti gé ọdún mẹ́ta sí méjì kí ìmúrasílẹ̀ fún GCSE lè tètè bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò ló sì ń darí gbogbo rẹ̀. AQA, OCR àti Pearson Edexcel, àwọn àjọ tó ń ṣètò ìdánwò, ti ní apá kan nípa àwọn tó ṣí wá sí Britain láti ayébáyé, ṣùgbọ́n àṣàyàn ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ní ìwé àti àlàyé fún Elizabeth Kìíní àti Jámánì ìgbà Hitler yóò máa yan ohun tó ti mọ̀.

## Ṣé wọ́n máa yọ Henry Kẹjọ kúrò ni?

Rárá. Kódà, ààfin Henry Kẹjọ wà lára ibi tí àwọn òpìtàn ti rí ẹ̀rí tó dáa jù. Ní 1511, ọba náà ṣe ìdíje ẹlẹ́ṣin ní Westminster, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sórí awọ gígùn kan. Láàrin àwọn afunfèrè tó gun ẹṣin níbẹ̀ ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wé láwàní wà. John Blanke ni orúkọ rẹ̀. Ìwé owó ààfin fi hàn pé 8 pẹ́ńsì ni wọ́n ń san fún un lójúmọ́. Ó kọ̀wé sí ọba pé kí wọ́n sọ ọ́ di 16, ọba sì gbà. Olùkọ́ lè fi òṣìṣẹ́ tó bèèrè àfikún owó yìí kọ́ gbogbo ìgbà Tudor láì yọ ọba kankan.

Àìná náà tún wà. Ní nǹkan bí 1843 ni wọ́n bí i sí Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ogun Dahomey kó ìlú náà, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ní 1850, Ọba Gezo ti Dahomey fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin ló gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton.

Ìtàn Àìná kò dẹrùn fún ẹnikẹ́ni. Ọba Áfíríkà ló mú un lẹ́rú, òyìnbó tó wá bẹ ọba náà pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀ ló gbà á bí ẹ̀bùn. Àwọn tó ń tako àtúnṣe máa ń ní wọn kò ní fẹ́ sọ ipa tí àwọn ọba ilẹ̀ Áfíríkà kó. Bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ jinlẹ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́: OCR ní àṣàyàn kan lábẹ́ A-level, ìdánwò tó tẹ̀lé GCSE, nípa àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà láàrin 1400 sí 1800, Songhay, Kongo, Benin, Ọ̀yọ́ àti Dahomey. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú un yóò ka bí Ọ̀yọ́ ṣe sọ Dahomey di asìnrú àti ohun tí àwọn méjèèjì jẹ nínú òwò ẹrú. Òbí tó bá fẹ́ ẹ fún ọmọ rẹ̀ níláti kọ́kọ́ wá ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣe é.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ tí èèyàn kò bá mọ ìtàn yìí?

Ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury ní oṣù Kẹfà 1948, ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Caribbean tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti wọlé kí wọ́n sì máa gbé. Ní 2018, ó hàn sí gbangba pé àwọn òṣìṣẹ́ Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọlé àti ìgbé, ti ń bi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fún wọn rí. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, wọn kò tọ́jú àwọn kan ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti àwọn kan mọ́lé, wọ́n sì kó àwọn kan lọ sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kúrò láti kékeré.

Ìwádìí Wendy Williams, tó jáde ní oṣù Kẹta 2020, sọ pé àìmọ̀kan nípa ìtàn àwọn ènìyàn náà wà lára ohun tó fa ìwà yìí ní ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àbá rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ìtàn Britain pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè tó jọba lé lórí. Àgbàlagbà ni wọ́n tún ń dá padà sí kíláàsì yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ orúkọ William Wilberforce, aṣòfin tó jà láti fòpin sí òwò ẹrú, àti pé òfin 1833 dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Òfin náà ya 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀, àwọn tó ni ẹrú sì ni wọ́n san án fún. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Ìjọba yá owó láti san án, gbèsè náà kò sì tán nílẹ̀ pátápátá títí di 2015, èyí tó túmọ̀ sí pé owó orí tí àwọn ará Jamaica àti Nàìjíríà ń san ní London wà lára ohun tí wọ́n fi san án.

## Kí ló kù tí wọn yóò ṣe?

Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní láti kọ àwọn ìlànà náà jáde, kí wọ́n sì gba èrò ará ìlú lórí wọn kí ti 2027 tó fìdí múlẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá òwò ẹrú àti ìmúnisìn yóò padà sí ipò tí wọ́n wà ní 2008, tàbí wọn yóò ṣì jẹ́ àpẹẹrẹ. Òbí lè dá sí i nígbà náà, kò sì nílò ìwé ọmọ ìlú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní báyìí ná, ìlànà 2014 ṣì ni wọ́n ń lò, òbí sì lè bi ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ pé èwo nínú àwọn àpẹẹrẹ náà ni wọ́n yàn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló kọ ọ́ sórí ìkànnì wọn.

Àwọn ọmọ tó wà ní Year 4 (ọmọ ọdún 8 sí 9) ní sáà 2025 sí 2026 ni yóò kọ́kọ́ wọ girama lórí ìlànà tuntun, bí ìjọba kò bá sún ọjọ́ náà síwájú.